Àgbàdo Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sun

Ẹnu mi ló kó bá mi. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ fún mi pé n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́, èmi náà a sì máa bá wọn jiyàn. Ní báyìí, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Télọ̀ ni wọ́n, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi rán mi lọ sílé ìwé. Nígbà tí onílé gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn ní Ìkòtún, tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀, tí ìyàwó wọn náà sì ti ṣaláìsí, mo lọ kó ẹrù wọn wá sí ilé tí mo ń gbé ní Ìdímù.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: kí ẹ̀gbọ́n mi má lọ rò pé abẹ́ mi làwọn ń gbé. Mo kìlọ̀ fún ìyàwó mi, mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. N kò rántí kìlọ̀ fún ara mi. Síbẹ̀, kí a tó jí láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ti gbá àgbàlá, wọ́n á ti pọn omi. Mo ń rí i, inú mi ń bàjẹ́, n kò kàn mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nígbà òjò, mo ra àgbàdo tútù bọ̀ wálé. Gáàsì ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má dààmú. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sẹ́yìn ilé, wọ́n wá ègé pákó, wọ́n dáná. Pákó náà tutù, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò nílé. Wọn ò gbé àgbàdo lé wáyà títí iná fi jó tán tó ku ẹ̀yinná. Wọ́n ní iná tó bá ń jó lala a máa sọ àgbàdo di dúdú lára, inú ẹ̀ á sì wà ní tútù. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i, wọ́n ń súfèé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, n kò gbọ́ kí wọ́n súfèé rí.

Nílé tiwa, tí oúnjẹ bá délẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n mi á mú tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí hóró rẹ̀ kò pé ni wọ́n máa ń mú, kí èyí tó dára lè kù fún mi.

Àgbàdo jinná, wọ́n kó o sórí tíréè. N kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi nawọ́, mo mú èyí tó tóbi jù.

Ìyàwó mi pariwo: "Ẹ̀gbọ́n ò tíì mú o! Àbí ẹ ò rí wọn ni?"

Ká ní mo dá a padà, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Àfi bí mo ṣe bú sẹ́rìn-ín: "Ẹni tó ra àgbàdo ló ń kọ́kọ́ mú, jàre!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n nu eérú ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò, wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ṣá ni adìẹ ń jẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eérú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àwàdà ni." Wọ́n ní kí n dìde, pé ta ló ń bínú? Wọ́n sun èyí tó kù fún àwọn ọmọ títí ó fi tán. Ẹyọ kan ò kan ẹnu ẹ̀gbọ́n mi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti rí iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní Baruwa, pẹ̀lú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Wọn ò bá mi jà, wọ́n á kí mi káàbọ̀, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo gbé ìrẹsì àti epo dání. Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n tún dúpẹ́. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi.