Ilé Tí Matthew Àkànbí So Mọ́ Mọ́tò

Gbogbo Ìwó ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Matthew Àkànbí fa ilé jáde kúrò nílùú, tó sì dé Ilé-Ogbó láìsí ilé. Ọdún 1956 ni. Káfíńtà ni Matthew, òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àdúgbò wa. Òun náà ló fi pákó àti páànù kan ilé kékeré kan sórí táyà méjì, tó so ó mọ́ ẹ̀yìn Lándírófà kúkúrú kan tó rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú wọn. Ilé náà ní fèrèsé méjì, ó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn, ó ní ibùsùn, ó tilẹ̀ ní èèkàn tí wọ́n ń fi fìlà kọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ló kọ́kọ́ fà á lọ sí Ilé-Ogbó láti dán an wò, kí ó sì fi han àwọn àna rẹ̀.

Bó ti dé ojúde wọn, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ilé o! Ẹ wá wo ilé tí mo fà wá. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ má bẹ̀rù."

Adégòkè, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé ọ̀hún dà?"

"Ó wà lẹ́yìn mọ́tò."

"Eruku ló wà lẹ́yìn mọ́tò."

Matthew dìde, ó gbọn àyà rẹ̀, ó lọ wo ẹ̀yìn mọ́tò. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú. Títí tó fi kú ni wọ́n ń bi í pé kí ló ń wá lábẹ́ mọ́tò, ohun kan náà ló sì máa ń sọ, pé òun fẹ́ rí i dájú ni.

Ó yí mọ́tò padà. Lójú ọ̀nà ó bá obìnrin kan tó ru igi ìdáná.

"Ẹ dákun, ẹ ò rí ilé kan lọ́nà?"

"Ilé ta ni?"

"Ilé mi."

"Níbo nilé yín wà?"

"Bí mo bá mọ̀, ṣé n ó máa bi yín?"

Obìnrin náà wò ó tàánú-tàánú. "Bàbá, oòrùn yìí ti pọ̀. Ẹ lọ sílé, kí ẹ lọ sinmi."

"Ilé náà ni mò ń wá!" ni Matthew pariwo, ó sì tẹná mọ́tò.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó rí i. Ilé náà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀, iwájú rẹ̀ kọjú sókè. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ó bá ọkùnrin kan lórí ibùsùn, Abdulganiyu, oníṣòwò obì, tó sá fún òjò.

"Ẹ rọra wọlé, ẹ bọ́ bàtà yín," ni Abdulganiyu wí. "Ìjọba ló kọ́ ọ fún àwa èrò. Ọlọ́hun á bá wa san án fún wọn."

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Alhamdulillahi! Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ bá wa tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, orí mi ń lọ sísàlẹ̀."

Kò sì jáde títí òjò fi dá.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fi Matthew ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ní Bàbá Ilé-ń-lọ. Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ilé onítáyà ṣe, á ní òun fẹ́ máa gbáfẹ́ bí òyìnbó. Irọ́ ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ Lydia.

Lydia ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú, ó yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Egungun náà so, ṣùgbọ́n kò so dáadáa. Bó bá jókòó díẹ̀, ìrora ni. Àfi kí ó nà gbalaja kí ara tó tù ú. Kò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́rì. Lándírófà náà sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ ẹsẹ̀ síta. Ìyá tó bí i, Fẹ̀yìntọlá, wà ní Ilé-Ogbó, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò lè rìn kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọdún méjì ni ìyá àti ọmọ kò fi ojú kan ara wọn.

Ìyá náà a máa ránṣẹ́. "Ẹ sọ fún Lydia pé mo ṣì wà o, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù." Bí iṣẹ́ yìí bá dé, Lydia á kọjú sí ògiri, Matthew á sì jáde lọ máa fá pákó tí ẹnikẹ́ni kò ní kó fá. Awakọ̀ kan gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpò kòkó nínú lọ́rì.

"Ìyàwó mi kì í ṣe ẹrù," ni Matthew wí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ ra Lándírófà.

Ìjọba náà gbọ́ nípa ilé yìí. Ọ̀gbẹ́ni Àyànbádéjọ, wolé-wolé tó ń yẹ ìkòkò omi wò káàkiri ìlú, gun kẹ̀kẹ́ wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì dání.

"Ilé yìí kò ní ṣáláńgá."

"Kò ní, sà."

"Ó sún mọ́ ilé kejì jù. Òfin ò gbà á. N kò gbọdọ̀ tún bá a ládùúgbò yìí."

"Ó yé mi, sà. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀."

Àyànbádéjọ wọlé. Ó ń wọn fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó pariwo, ó gbá ògiri, ilé kò dúró. Iwájú ilé tí wolé-wolé fúnra rẹ̀ ń gbé ni Matthew ti tẹ búréèkì, tó wá ṣí ilẹ̀kùn fún un.

"Sà, ẹ ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ tún bá a ládùúgbò wa. Mo ti gbé e wá sí tiyín."

Wolé-wolé náà kò kọ nǹkan kan. Ó kàn bẹ Matthew pé kó gbé òun padà síbi tí òun fi kẹ̀kẹ́ sí.

Gbogbo ìyẹn dùn ún rẹ́rìn-ín sí, ṣùgbọ́n Matthew kì í sùn dáadáa lákòókò náà. Ká ní Lydia wà nínú ilé náà lọ́jọ́ tó já ńkọ́? Ó dá ìkọ́ irin tó so ilé mọ́ mọ́tò lẹ́bi, ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn tó nípọn. Ó dá ọ̀nà lẹ́bi, ó dá òjò lẹ́bi. Lydia fetí sí gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn.

"Bàbá Táyọ̀," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn ilé yẹn wà, àbí?"

"Ẹ̀yìn ni."

"Ẹrù tí àwọn ará àdúgbò kó fún yín lọ́jọ́ náà, ibo ni wọ́n gbé e sí?"

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ sí Ilé-Ogbó, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ẹni tó ní ìbátan níbẹ̀ ló ti gbé nǹkan wá láàárọ̀ ọjọ́ náà: iṣu, èlùbọ́, kèrègbè epo. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé odó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kálukú ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó ṣàdúrà fún Matthew, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹnu ilẹ̀kùn ni," ni Matthew fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn.

"Ohun tó ṣe é nìyẹn. Ìdí wúwo, iwájú ta sókè, ó yọ kúrò lára ìkọ́. Ogún ọdún ni mo fi ru igbá. Bí ọjà bá pọ̀ lẹ́yìn igbá, iwájú rẹ̀ á gbéra ni. Ẹ gbé ibùsùn yẹn síwájú, kí ẹ kó ẹrù síwájú."

"Ṣé ìwọ ni káfíńtà ni?" Matthew bínú jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a bá a tó ń tú ibùsùn, tó ń kàn án síwájú. Ó ní èrò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí òun lọ́kàn ni. Lydia ní èrò náà dára, ó kí i pé ó kú làákàyè.

Ó wá ku ìwúwo díẹ̀ níwájú, nítorí Lydia ti rù, kò wọn nǹkan kan lórí ibùsùn náà. Matthew bá lọ sọ́dọ̀ Díákónì Bọ́lárìnwá, tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń kún bẹ́ǹṣì ẹni méjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn lọ fi àdúrà ṣíwájú ìrìn-àjò. Inú díákónì dùn, ó gbé Bíbélì rẹ̀ wá. Ní ti ẹrù àwọn ará àdúgbò, kò ṣeé kọ̀, ìjà ni. Matthew dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó ń gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ń gbé e lọ síwájú. Lẹ́yìn náà ó fi okùn kan gba fèrèsé, ó so orí rẹ̀ kan mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi orí kejì sọ́wọ́ Lydia.

"Bí nǹkan kan bá ń dùn ọ́, Ìyá Táyọ̀, fà á. Bí ilé bá sì tún já, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ gbọ́."

Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́, kẹ̀kẹ́ ń kọjá lára wọn. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí okùn fi fà. Matthew sáré lọ sẹ́yìn, ẹ̀rù ti bà á.

"Ṣé ìbàdí ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ wo ilé-ìwé tuntun yẹn ni."

Ó ráhùn, ó padà sídìí mọ́tò. Okùn tún fà: oko kòkó kan tó so gan-an. Ó tún fà: àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ lódò. Nígbà kẹrin, Matthew kò sáré lọ bi í mọ́. Ó kàn dúró, ó sì ń dúró títí yóò fi wò tó. Ọdún méjì ni ògiri kan ṣoṣo ti wà lójú obìnrin yìí.

Níbi kan tí wọ́n ti dúró, ooru mú díákónì, ó dìde kó lọ gba atẹ́gùn lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Díákónì, ẹ dákun, ẹ padà síwájú!" ni Matthew kígbe. "Ẹ̀yin lẹ di ilé yìí mú."

"Àdúrà mi ni, àbí?"

"Àdúrà yín náà wà níbẹ̀, sà, ṣùgbọ́n ìwúwo yín ni mò ń sọ."

Díákónì kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Ilé-Ogbó.

Nígbà tí wọ́n dé, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Pákó ni wọ́n fi gbé Lydia wọ inú ilé náà ní Ìwó, ó sì jẹ̀rora tó bẹ́ẹ̀ tí Matthew fi búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé e mọ́ lọ́jọ́ náà. Yàrá ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí ojúde. Ohun tí Matthew fẹ́ ni kí ó fi ẹ̀yìn rin ilé náà títí ilẹ̀kùn méjèèjì yóò fi pàdé. Bó bá yí sítíárìn sí ọ̀tún, ilé á lọ sí òsì. Bó bá yí i sí òsì, ilé á lọ sí ọ̀tún. Adégòkè ń ké "Ọ̀tún!", àwọn ìyókù ń ké "Òsì!". Ó wó ilé adìyẹ kan. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ti pọ́n, oòrùn sì ń wọ̀.

Nígbà náà ni ohùn kan ti inú yàrá wá, ohùn tó ti tín-ín-rín.

"Lydia, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

Matthew pa mọ́tò. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tú ilé náà kúrò lára ìkọ́, kò sì tijú mọ́.

"Ẹ bá mi taari rẹ̀," ló wí. "Ẹ jọ̀wọ́."

Gbogbo agbo ilé taari. Díákónì náà gbàgbé ìbínú rẹ̀, ó fi àyà ti ògiri. Ilẹ̀kùn pàdé ilẹ̀kùn, wọ́n fi pákó kan bo àárín wọn. Fẹ̀yìntọlá di Adégòkè mú, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó dé ibùsùn ọmọ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ tì í, ó ń fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀.

"O ti rù."

"Ẹ̀yin náà ti rù, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sunkún. Matthew lọ ń yẹ táyà wò, táyà tí nǹkan kan kò ṣe. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀, ìyá àti ọmọ kò sì sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìyá náà kú nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, Lydia sunkún, ṣùgbọ́n kò kọjú sí ògiri.

Ibà ló mú Matthew lọ ní 1959. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a sin ín, a kún inú yàrá Lydia, kálukú ń sọ èyí tó mọ̀. Díákónì Bọ́lárìnwá sọ ti ìwúwo rẹ̀, Àyànbádéjọ náà sọ tirẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín mọ́. Ẹnì kan ní, àfi Matthew náà, káfíńtà wo ló tún máa kan ilé tó ń rìn?

Lydia nu ojú rẹ̀.

"Ilé kọ́ ni wọ́n kàn," ló wí. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n kàn fún mi."