Ọlọ́pàá Tó Kí Mi Kú Ewu Ọmọ

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bú ọlọ́pàá níwájú mi, mo máa ń gbọ́ tirẹ̀ tán kí n tó fèsì, torí èmi náà ti bú wọn rí, mo sì mọ ìdí tí mo fi bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kí n bú gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni èmi àti àkọ́bí mi ò fi bá omi lọ.

Ajégúnlẹ̀ là ń gbé nígbà náà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní yàrá kan nínú ilé tí àwọn ayálégbé kún fọ́fọ́. Wọn ò tíì kọ́ èbúté Tin Can. Ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì tò lọ rẹrẹ lójú omi, ọkọ mi tó ń já ẹrù ní Àpápá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wálé mọ́. Nígbà tí mo bímọ, màmá rẹ̀ ló wá bá mi wẹ ọmọ. Obìnrin dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kì í sinmi, ẹnu tèmi náà kì í sì í dákẹ́. Ẹ mọ irú ilé tí ìyẹn máa jẹ́.

Lẹ́yìn ìkómọ, oorun kọ̀ mí sílẹ̀. Bí mo bá ti dijú, màá máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbèrò àtigba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo ń gbọ́ ọ kedere, bí ẹ ṣe ń gbọ́ ohùn ara yín. Mi ò jẹun mọ́, mo ní wọ́n ti fi nǹkan sí i. Àbísínwín ni, kò sí obìnrin tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀. Ìyá ọkọ mi rí i pé ojú mi ti yí padà, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi. Yéè! Ohun tí mo ti ń sọ náà rèé! Mo já a gbà padà, mo sì sá jáde, ìró ń tú lọ nídìí mi.

Orí afárá pákó tó gba orí omi dúdú kọjá sí Olódì ni mo sá lọ. Etí ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, ọmọ ń ké láyà mi. Èrò pé jọ. "Wèrè ti gbọ́mọ o!" "Ẹ wá okùn!" Àwọn kan ń fi Píjìn pariwo pé kí wọ́n sọ òkúta lù mí kí n lè ju ọmọ sílẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n ọmọ aráyé! Bí ẹnìkan bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, èmi náà á gbé ọ̀kan sẹ́yìn. Lójú tèmi, inú omi nìkan ni wọn ò ti ní rí ọmọ mi gbà.

Ẹnìkan ti sáré lọ sí tésàn, ọlọ́pàá kan sì dé. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń mú wèrè. Ojú mi ló ṣe tí wọ́n na bàbá kan ládùúgbò wa, wọ́n dì í bí ẹrù igi, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé kóńdó sílẹ̀ níbi tí mo ti lè rí i, ó ní kí èrò sún sẹ́yìn. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀ ní ìdí afárá, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá ọmọ. Ẹ kú ọwọ́ lómi."

Kí n tó mọ̀, mo ti dáhùn: "A dúpẹ́ o." Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tíì bá mi sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

Ó bi mí pé kí ló ń dẹ́rù bà mí. Mo sọ fún un. Kò bá mi jiyàn, kò sì purọ́ pé òun náà ń gbọ́ ohùn. Ó ní, "Èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà yín gan-an. Ọsibítù ni mo fẹ́ ká jọ lọ, ẹ̀yin àti ọmọ. Mi ò ní tàn yín." Ó fi mí sílẹ̀ kí n rò ó. Nígbà tó yá, ó ní ìró mi ti fẹ́ já bọ́. Bí mo bá lè wá sórí ilẹ̀ níbi tí òun wà, òun á bá mi gbé ọmọ kí n lè ró o dáadáa, òun á sì dá a padà fún mi.

Mo wo ara mi, ojú tì mí. Mo rìn lọ bá a, mo gbé ọmọ fún un.

Háà, ariwo ta! Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń sunkún: "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ dákun, ẹ má gbé e fún un mọ́ o! Ẹ gbé e sá lọ!" Mo ń ró ìró, ojú mi ò kúrò lára ọmọ. Òógùn bo iwájú orí ọlọ́pàá náà. Ó wá dúró sáàárín èmi àti omi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi: "Ìyá ọmọ, ọmọ yín rèé."

Mo gbà á, mo bú sẹ́kún. Mo tẹ̀ lé e wọ ọkọ̀ láìsí okùn, láìsí ìgbájú.

Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ló sọ fún mi pé òun àti dókítà kan máa ń lọ kọ́ àwọn ọlọ́pàá ní bárékè, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi àwọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n kí aláìsàn kí wọ́n tó pàṣẹ fún un, kí wọ́n má sì ṣèlérí ohun tí wọn ò ní ṣe. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún ẹnu tí ẹ fi kọ́ wọn." Mo ṣì ń ṣe àdúrà yẹn fún un, àti fún ọlọ́pàá tí kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ń padà sílé, ara mi ti yá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ń bà mí: ta ló máa jẹ́ kí n gbé ọmọ mi mọ́? Àwọn obìnrin ilé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí tìfura-tìfura. Ìyá ọkọ mi ló ti ń tọ́jú ọmọ nígbà tí mo fi wà ní ọsibítù, ẹ̀yìn wọn ló sì wà. Mi ò lè bèèrè rẹ̀. Mo kàn kúnlẹ̀, mo kí wọn.

Ìyá ọkọ mi tú ọ̀já. "Kọ ẹ̀yìn sí mi, kí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ná."

Ìyá ọkọ mi kọjú sí i. "Ẹni tí kò bá wa tan rárá gbé e fún un létí omi. Èmi wá ńkọ́?"

Wọ́n gbé ọmọ pọ̀n mí, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn so ọ̀já náà le.