Ìlérí Ìbùkún tí Mo Kọ sí Ẹ̀yìn Bọ́ọ̀sì Oǹdó

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò àti pátákó ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ọ̀kan péré ló kó ìpayà bá mi, Adérónkẹ́ ọmọ mi ló sì jẹ́ kí n mọ̀.

Ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Oǹdó nígbà náà. Ní Sátidé kan tó wálé, mo bi í pé mọ́tò wo ló wọ̀.

"Ti Brọ̀dá Ṣẹ́gun ni, Dádì. Èyí tí ìkọ̀wé yín bá wà lẹ́yìn ẹ̀ ni mo máa ń wọ̀. Ọkàn mi máa ń balẹ̀."

Mo mọ Ṣẹ́gun awakọ̀, mo sì mọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú ni mo kọ ALÁBÙKÚN NI ÌJÁDE MI sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí mo sì kọ ALÁBÙKÚN NI ÌWỌLÉ MI sí abẹ́ rẹ̀. Kí a tó fi ọwọ́ kan ọ̀dà, a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pa okùn, a ó nà án tantan, a ó fà á, a ó sì jù ú sílẹ̀ kó fi ìlà tó tọ́ hàn lára ọkọ̀. Lẹ́tà mi ga ní ínṣì mẹ́rin, kò lé, kò dín. Orí àpótí ni mo jókòó sí kọ ìlà ìsàlẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti jẹ tán, pé wáyà inú rẹ̀ ti ń yọjú níbì kan. N kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé lẹ́tà nìkan ni wọ́n pè mí sí.

Táyà yẹn ló ń gbé ọmọ mi lọ, tó ń gbé e bọ̀.

Mo ṣí Bíbélì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Inú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé Mósè márùn-ún ni àwọn oníbàárà mi ti ń mú ìlérí yìí, ìwọ̀nba tó ń gba ẹ̀yìn mọ́tò nìkan sì ni èmi náà mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè orí náà. Ọlọ́run sọ níbẹ̀ pé ìbùkún náà yóò bá àwọn èèyàn òun bí wọ́n bá pa òfin òun mọ́. Mo wá ṣí ìwé sẹ́yìn láti wo àwọn òfin náà. Mo bá ọ̀kan tí n kò gbọ́ rí lórí àga ìwàásù: ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí orí òrùlé pẹrẹsẹ ni wọ́n máa ń jókòó sí nílẹ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá jábọ́ níbi tí kò ti sí ògiri, ọrùn onílé ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Adérónkẹ́ ń padà sí Oǹdó, mo bá a dé gárèèjì. Mo mú tínà tí a fi ń pa ọ̀dà rẹ́ àti àkísà dání. Bọ́ọ̀sì Ṣẹ́gun ló wà lórí ìlà. Mo lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìlà òkè. Mo ti nù ún tán kí Ṣẹ́gun tó rí mi.

"Ọ̀gá Átíìsì, ìbùkún mi lẹ̀ ń pa rẹ́ yìí? Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Wá wo táyà ẹ."

"Mo ti mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé alábùkún ni ìjáde mi. Àbí ẹ ò gba ohun tí ẹ kọ gbọ́ ni?"

"Mo gbà á gbọ́. Mi ò tíì kà á dáadáa nígbà yẹn ni." Mo sọ ọ̀rọ̀ òrùlé náà fún un. "Ẹni tó ṣèlérí ìbùkún náà ló ní kí wọ́n mọ ògiri. Táyà ẹ ni ògiri tìẹ, Ṣẹ́gun."

Ìyá kan tó ti jókòó lẹ́bàá fèrèsé yọrí síta. "Dẹ́rẹ́bà, táyà wo ni bàbá ń sọ?" Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó wò ó, kò sì padà wọlé. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́," ni Adérónkẹ́ ń sọ. Ojú ń tì í.

"Ẹ ti bá mi ba ọjọ́ mi jẹ́," ni Ṣẹ́gun wí. Ó fi ìbínú gbé ọkọ̀ kúrò lórí ìlà, ìlà ìwọlé nìkan ló kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó wá sí Ìsìkàn, ó sì dojú ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti di tókunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀.

"Ẹ fi rúlà yín wọ̀n ọ́n," ló wí. Kò kí mi.

Mo wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà mo pa okùn, mo sì kọ ìjáde padà sí ààyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀, n kò kọ ìlérí Ọlọ́run sí ọkọ̀ tí n kò kọ́kọ́ wo táyà rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan tìtorí ẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn.

Nígbà tí Adérónkẹ́ tún ń padà sí Oǹdó, mo bá a dé gárèèjì, ṣùgbọ́n mo dúró lókèèrè kí ojú má baà tún tì í. Bọ́ọ̀sì Ṣẹ́gun ló kàn. Adérónkẹ́ kọjá lára ìkọ̀wé mi, kò wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọn eruku kúrò lọ́wọ́, ó sì wọlé.