Ìwé Tí Mi Ò Kà Padà fún Baba Mi

Ó dìgbà o, Baba mi, Alfa Ṣítù ọmọ Ìlọrin, ẹni tó ta ẹní ìkírun àti búùtà ní Tishigu nílùú Tamale, nílẹ̀ Ghana, títí irùngbọ̀n yín fi funfun. Ikú mú yín lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ wa ò tíì parí, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Olóòótọ́ tí kì í purọ́ tajà ni yín. Bí ẹní bá lábùkù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó kọ́kọ́ fi han oníbàárà. Ẹ kọ́ wa ní kéwú nílé, bí ẹ sì ṣe ń yẹ kéwú wò náà lẹ ṣe ń yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò: ta ló sọ ọ́, lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ?

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ká to orúkọ ìwé mẹ́jọ tí a kà, ká kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ sábẹ́ rẹ̀ àti ìdí tó fi ṣeé gbà gbọ́, mo mú ọ̀rọ̀ bí àwọn Yorùbá ṣe dé Tamale. Mo rò pé eré ni. Ìwé kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn èèpo rẹ̀ nìkan ni mo kà, mo sì kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó kà á tán. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa rẹ̀, ẹ sì rí i pé mi ò kà á. Ẹ ní, "Ràhímá, o ò sí níbẹ̀, o wá ń jẹ́rìí." Mo padà sí láíbìrì, mo lọ kà á.

Ìwé méje péré ni mo rí. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe ìkẹjọ. Ẹ jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń sọ bí bàbá yín àgbà ṣe ti Ìlọrin wá, mo ń kọ. Ẹ wá ní bí ọmọ kéwú ṣe ń ka wàláà rẹ̀, pátákó tó ń kọ kéwú sí, padà fún alfa kó tó fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí n ka tèmi padà fún yín kí n tó fi orúkọ yín sí i.

Ojú ń tì mí. Yorùbá tèmi, àbọ̀ rẹ̀ Hausa ni. Ìgbàkígbà tí ẹ bá bèèrè, màá ní, "Sai gobe, Baba," ó di ọ̀la. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Gobe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sún un síwájú. Lọ́jọ́ Alàmísì, ẹ kírun Alásárì tán, ẹ ní àyà ń dùn yín. Ká tó dé ọsibítù, Ẹlẹ́mìí ti gbà á.

Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ olùkọ́. Mo kọ ọ́ pé Salaga ni bàbá yín àgbà kọ́kọ́ dó sí. Àǹtí Sàfíyà, àbúrò yín tó wà ní àdúgbò Changli, ní Yendi ni. Mo bi wọ́n pé lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n ní lẹ́nu ìyá yín. Ẹ̀yin ń kọ́, Baba? Mi ò bi yín. Ẹ̀rù ń bà mí, oorun ò kùn mí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ yín kúrò, kí n wá ìwé mìíràn. Mi ò lè yọ yín.

Ohun tí màá kọ sábẹ́ orúkọ yín nìyí: Bàbá mi sọ pé Salaga ni. Àbúrò wọn sọ pé Yendi ni. Mi ò bi bàbá mi pé lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ padà fún àwọn. Mi ò kà á.

Kí Ọlọ́hun fi yín sí Àlùjánnà onídẹ̀ra. Ẹ sùn re o, Baba mi. Ẹ forí jì mí.