Jíìpù Tí Mo Rà Nítorí Iyanrìn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo gbọ́n nígbà tí mo wà ní Chicago, kí ó má ṣe bi ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ jíìpù ló máa fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í tètè parí rẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Woodridge, lẹ́bàá Chicago, là ń gbé, nínú ilé alájà mẹ́ta kan tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ jọra, tí mo sì ti ṣèèṣì fi kọ́kọ́rọ́ mi dán ilẹ̀kùn aládùúgbò wò ju ìgbà kan lọ. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí. Bàbá mi wá sọ́dọ̀ wa láti Ìwó. Kì í ṣe pé ó kàn wá kí wa. Ojú rẹ̀ ló ń ṣókùnkùn, láti ẹ̀gbẹ́ ló ń bọ̀ wá sí àárín, mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo ẹbí pé kò sí ohun tí àwọn dókítà ọ̀dọ̀ wa kò lè ṣe. Dókítà wò ó, ó tún un wò, ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn kàn lè mú kí ìyókù pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ ni. Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá. Mo fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, mo fi àdúrà parí, mo sì fi èyí tó burú há àárín, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe ọmọdé. Ó ní ó ti yé òun. Nígbà tó ṣe, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ojú kò tíì tán, ohun kan wà tí òun fẹ́ fi èyí tó kù wò.

Òkè iyanrìn ni. Bàbá rẹ̀, ìyẹn bàbá mi àgbà, fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Mẹ́kà láyé àtijọ́, ó gba ilẹ̀ Borno kọjá, ó gba Sudan kọjá. Nígbà tó padà dé, ìtàn iyanrìn ló ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú: òkè tí kò ní igi, tí kò ní koríko, tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Bàbá tèmi náà ti lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n bàlúù ló gbé e lọ, bọ́ọ̀sì ló gbé e káàkiri. Ó dé, ó jọ́sìn, ó padà, kò rí òkè iyanrìn kankan. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ó dùn ún.

Ẹni tí kò bá mọ Chicago lè rò pé bàbá mi ń béèrè ohun tí kò sí. Ó wà. Bí a bá yí adágún ńlá tó wà létí ìlú náà po dé Michigan, òkè iyanrìn lọ súà létí omi níbẹ̀. Ti Indiana ló sún mọ́ wa jù, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò gùn ún, ẹsẹ̀ Bàbá kò sì lè gbé e dé òkè. Ní Michigan, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn láti máa fi mọ́tò sá lórí iyanrìn. Mọ́tò ló kù. Èyí tí mo ní nígbà náà, ọ̀nà ọ̀dà nìkan ló mọ̀. Bàbá sì ti ní ọjọ́ tó máa padà sílé, kò pẹ́ mọ́.

Mo rí méjì tí wọ́n fẹ́ tà. Àkọ́kọ́ wà ní Aurora, lọ́wọ́ obìnrin òyìnbó kan tó ti dàgbà díẹ̀, tíṣà ni. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kàn án fúnra rẹ̀ látara Volkswagen ìjàpá. Ó ti ṣí gbogbo ara ìjàpá náà kúrò, ó wá fi irin yí i ká bí àgò adìyẹ. Kò sí òrùlé, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí gíláàsì, ìjókòó méjì péré ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà níta gbangba lẹ́yìn. Obìnrin náà ní mọ́tò fífúyẹ́ ni iyanrìn ń fẹ́, kí táyà rẹ̀ fẹ̀, kí èèyàn sì tú lára afẹ́fẹ́ táyà náà sílẹ̀ kó tó wọlé. Èyí tó bá wúwo, rírì ló máa rì. Ó ní òun ṣì ń gbé e lọ sí Michigan ní ọjọ́ Sátidé títí ẹni tó máa rà á á fi dé. Mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ohun tí mo ń rò ni bí mo ṣe fẹ́ gbé bàbá mi, Alhaji, tí àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí ní àdúgbò wa nílé, sínú mọ́tò tó wà níhòòhò.

Èkejì wà ní Richton Park. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín àwa Yorùbá, apòògùn ni, òun ló mú mi lọ síbẹ̀. Jíìpù pupa ni, ó ga, ó gùn, ó ń dán débi pé mo rí ojú ara mi lára rẹ̀, mo sì fẹ́ràn ohun tí mo rí.

“Àbúrò mi, be serious,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ṣé inú scaffold yẹn lo fẹ́ gbé Bàbá sí? Èyí ni mọ́tò. Leather seats, air conditioner, engine tó lè wọ́ ilé. Bàbá máa jókòó bí ọba.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Have you asked Bàbá èyí tí wọ́n fẹ́?”

Mo wò ó bí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, èèyàn kì í bi bàbá rẹ̀ léèrè irú mọ́tò tó ń fẹ́. Èyí tó dára jù lèèyàn ń gbé wá síwájú rẹ̀, kí ó wò ó, kí ó ṣàdúrà. Mo ra jíìpù.

Àdúrà náà ni mo tún fi kún ọ̀ràn ara mi. Ọjọ́ Sunday, àwọn èèyàn wa wá síbi tí a ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn ilé, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń wa takisí, gbogbo wọn gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú àdúrà. Ó ṣe é lórí ẹ́ńjìnnì, ó ṣe é lórí táyà kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ débi pé aládùúgbò wa kan yọjú láti ojú fèrèsé, ó sì béèrè bóyá ẹnì kan ló kú. A ṣe àmín, a jẹ àkàrà. Bàbá fọwọ́ kan jíìpù náà, ó ní ó tóbi. Mo ka ìyẹn sí ìyìn.

Ní Sátidé a gbéra. Ẹni tó ti ṣàdúrà tó pẹ́ tó yẹn, ta ló máa fi í sílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í sì í ṣe èèyàn fífúyẹ́. Bàbá àti ìyàwó mi wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn wọn ni a kó ìkòkò ìrẹsì sí, pẹ̀lú kúlà omi, ẹní ìkírun, kẹ́tùrù àlùwàlá, àti àga ńlá kan láti pálọ̀ wa tí mo fẹ́ kí Bàbá jókòó lé lórí òkè. Mo rò pé mo ro gbogbo nǹkan. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí gbogbo mọ́tò so àsíá mọ́ ọ̀pá gíga, kí ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì òkè lè tètè rí i. Bàbá béèrè bóyá a fẹ́ du ìbò ni.

Obìnrin Aurora wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgò adìyẹ rẹ̀. Ó rí wa, ó rìn yí jíìpù ká, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó ní kí a kó ẹrù sílẹ̀, kí a sì tú afẹ́fẹ́ táyà dé ìdajì. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá.

“God forbid,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Táyà tí a ṣàdúrà lé lórí, ká wá fọwọ́ ara wa sọ ọ́ di flat?”

Ó bọ́gbọ́n mu létí mi. Ìwé tí mo kà nípa bí atẹ́gùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo tẹ iná mọ́tò.

A kò tilẹ̀ dé òkè àkọ́kọ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, jíìpù rọra dúró, mo tẹ iná sí i, ó rì. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó rì títí iyanrìn fi dé ilẹ̀kùn. Mo rò pé agbára ni kò tó. A bọ́ sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣọ́bìrì tí mo yá walẹ̀, àwọn ọmọ òyìnbó ń fi mọ́tò kéékèèké fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá kò bọ́ sílẹ̀. Mo ti ní kí ó dúró síbi tí ó tutù. Ó jókòó lórí ìjókòó awọ mímọ́ náà, mọ́tò dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí òkè iyanrìn ni gíláàsì rẹ̀ sì kọjú sí. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, ojú Bàbá kì í ríran mọ́, Bàbá sì máa wọ bàlúù kí Sátidé mìíràn tó dé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń walẹ̀ bí aṣiwèrè, iyanrìn ń dà padà sínú ihò.

Obìnrin náà tún dé. Ó kọjá lára mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Bàbá, ó nawọ́ sí ìjókòó kejì tó ṣófo. Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́ fún un nígbà tí mo rí Bàbá tó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi í sápò, ó sì wọlé. Ìyàwó mi bá a di bẹ́líìtì. Wọ́n lọ. Àgò adìyẹ náà gun òkè bí ẹni pé kò sí òkè níbẹ̀, jalámíà Bàbá ń fẹ́ lẹ́yìn, mo sì gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo tún jowú, mo jowú irin lásán.

Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, mo ní kí ẹ̀gbọ́n ṣọ́ mọ́tò, mo fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, iyanrìn á dá a padà. Nígbà tí mo fi máa dé orí rẹ̀, èmi tí mo ń bójú tó èémí àwọn ẹlòmíràn kò ní èémí kankan mọ́. Bàbá jókòó nílẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ iyanrìn. Obìnrin náà dúró lókèèrè. Òkè tẹ̀ lé òkè níwájú wa, adágún sì wà ní ìkángun wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí, mo ní táyà ni, mo ní ọ̀la mo máa gbé jíìpù náà padà lọ bá ẹni tó tà á. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ìsàlẹ̀ níbi tí jíìpù náà wà ni mo ń wò.

“Mo ti rí tèmi,” ni Bàbá wí. “Ìwọ náà wò ó dáadáa. Ìwọ lo máa máa sọ ọ́ fún mi tí n kò bá ríran mọ́.”

Mo gbójú kúrò lára jíìpù. Mo wò ó títí oòrùn fi wọ̀.

Kí ọ̀pọ̀ ọdún tó kọjá, mo ti kó ẹrù padà sílé, ojú Bàbá sì ti lọ tán. Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó máa ń ní kí n jókòó ti òun, kí n sọ ìtàn iyanrìn náà. Mo máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Richton Park, kí n lè ṣàlàyé ara mi. Bàbá á ní kí n fi jíìpù sílẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè.