Ọjọ́ Tí Ọṣẹ Èkó Tì Wá Mọ́lé

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan wà nílé ọmọ mi tó ń gbé ní Lẹ́kkí. Ó dúró sí igun ilé ìdáná bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní ìjókòó, ó ń kùn, ó ń mì, ó ń yí aṣọ po nínú ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, ìyàwó ọmọ mi da ọṣẹ oníyẹ̀fun sí i, òórùn rẹ̀ sì wá bá mi níbi tí mo ti ń mu tíì. Kíá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì pa pọ̀ láìjẹ́ pé mo rán wọn níṣẹ́. Mo wo ara mi bóyá aṣọ wà lọ́rùn mi. Aṣọ wà. Ìyàwó ọmọ mi ní, "Bàbá, ṣé òtútù ń mú yín ni?" Mo ní rárá o, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ló gbá mi lẹ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi. Irọ́ díẹ̀ lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yin ọmọ, nítorí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ kò ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n ẹja inú rẹ̀, ẹja gidi ni.

Ajah tí mo ń wí kì í ṣe Ajah tí ẹ mọ̀ yìí. Nígbà náà kò sí títì ọlọ́dà, kò sí gáréèjì, kò sí pé ẹnì kan ń fi fèrè ọkọ̀ di yín létí. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, iyanrìn funfun tí í jó ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, tí í sì tutù bí ìkòkò omi ní ìdájí, igi àgbọn sì tò lọ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí omi bá kún, ìyá mi á máa fi ìgbálẹ̀ lé ẹja kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Omi yìí kan náà ló ń bá wa jà lórí aṣọ fífọ̀. Omi oníyọ̀ ni, kì í gba ọṣẹ. Ọṣẹ ọ̀pá tí wọ́n ń fi okùn gé lọ́jà, bó o bá fi bó aṣọ nínú rẹ̀, ńṣe ló ń ṣù bí wàrà tó bàjẹ́, kò ní hó. Omi kànga tó dùn sì jìnnà, mímu ni a ń mu ún. Nítorí náà, aṣọ funfun tí bàbá mi fi ń lọ kírun Jímọ̀ ti di àwọ̀ ẹ̀kọ ọkà bàbà. Bàbá mi ní kò burú, Ọlọ́run kì í wo aṣọ. Ìyá mi ní Ọlọ́run lè má wò ó, àwọn ará mọ́sáláṣí ń wò ó.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń gbóná báyìí ni àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Gàníyù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Èkó, wá kí wa, ó sì gbé páálí kan dání. Ó fi í lé ìyá mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ọṣẹ àwọn ọlọ́lá nìyí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ ò ní bó aṣọ o. Ẹ ó dà á sómi, ẹ ó kó aṣọ sí i, ẹ ó lọ jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa jẹ ìdọ̀tí."

"Ọkọ mi, ṣé ẹnu ló ní ni?"

"Ẹnu rẹ̀ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dà á sómi, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, agbára rẹ̀ á lọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló kó bá wa. Ìyá mi kì í fi nǹkan ṣòfò. Obìnrin tó máa ń se egungun ẹja lẹ́ẹ̀kejì kí ó má baà ṣẹ́ ku adùn kankan, òun la sọ fún pé agbára ń bẹ nínú omi tí yóò lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ tó yàn láti dán ọṣẹ yìí wò, kì í ṣe ọjọ́ lásán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sàlámọ̀, ní ọkùnrin kan tó fẹ́ ẹ, Múfútáù, agbẹ́kọ̀ láti Bàdóóre. Ọmọ náà jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ń gbẹ́ ọkọ̀, igi ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá tọrọ Sàlámọ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n bàbá mi wà lójú omi, ìyá mi wà lọ́jà, ilẹ̀kùn títì ni wọ́n bá. Àgbà tó ṣíwájú wọn, Bàbá Ràímì, kà á sí ìwọ̀sí. Ó ránṣẹ́ pé àwọn yóò padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ báyìí, pé bí àwọn bá tún bá ilẹ̀kùn ní títì, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn ti fún àwọn lésì, ọmọ mìíràn sì wà ní Bàdóóre tí wọ́n lè fẹ́ fún ọmọ àwọn. Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti dé ni Sàlámọ̀ kò ti jẹun kánú mọ́.

Nítorí náà ni ìyá mi ṣe ní gbogbo aṣọ ilé gbọ́dọ̀ funfun kí àlejò tó dé. Ọkọ̀ àtijọ́ bàbá bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì, wà létí omi lẹ́yìnkùlé. Ìyá mi pọn omi ọ̀sà sí i, ó da páálí náà sí i láìṣẹ́ ku ẹyọ kan, ó fi igi rò ó. Ẹ̀yin ọmọ, omi oníyọ̀ tó ti ń kọ ọṣẹ láti ayé baba ńlá wa hó lọ́jọ́ náà! Ìfófó ga, ó ga, ó borí ọkọ̀. Àkùkọ wa kan bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ pupa, funfun ló jáde, àwọn abo adìẹ kò sì mọ̀ ọ́n mọ́ títí ó fi kú.

Ìyá mi kó aṣọ funfun sí i, ìfófó kò rẹ̀. Ó kó aṣọ àdìrẹ sí i, kò rẹ̀. Ó kó aṣọ ìbora, aṣọ ẹnu ọ̀nà, aṣọ ìkírun. Nígbà tí kò sí aṣọ mọ́ nínú ilé, ó wọlé tọ bàbá mi wá níbi tó ti ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Bàbá Sàlámọ̀, ẹ bọ́ èyí tó wà lára yín wá. Ìfófó ṣì wà."

"Kí ni kí n wá wọ̀?"

"Oòrùn tó mú báyìí? Kí ẹ tó tún àwọ̀n yẹn dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ."

Ó gba tirẹ̀, ó gba tèmi, ó gba ti Sàlámọ̀. Nígbà tó yá, ó yọ ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó ju ìró tirẹ̀ náà sínú ọkọ̀, ó sì ní ká jókòó kí ọṣẹ máa jẹun.

A jókòó. Ọṣẹ ń jẹun. Nígbà tí bàbá mi yọjú lójú fèrèsé, ó pariwo. Ọ̀sà ti kún. Omi ti gbé ọkọ̀ náà nílẹ̀, ó sì ń bá a lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú gbogbo aṣọ wa, ìfófó rẹ̀ ga lórí omi bí òkè ìkuukùu. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kan lé fèrèsé láti bẹ́ sómi, àfi bí àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ ṣe yọ nínú ọkọ̀ tiwọn. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. À ń gbọ́ wọn bí wọ́n ti ń figbe ta pé, "Ẹ yà fún un o! Olúwẹri ń fọṣọ!" Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Wọ́n kí òrìṣà omi náà, wọ́n wà lọ.

Bí a ṣe di ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn. Ilé onípáànù, oòrùn ọ̀sán, fèrèsé títì, ilẹ̀kùn títì, èéfín ẹja gbígbẹ tí kò rí ibi gbà jáde. Ẹní kan ló kù nínú ilé tó lè bo èèyàn. Ìyá mi àti Sàlámọ̀ ló jọ ró o, bí ọ̀kan bá fẹ́ yí, èkejì á yí. Bàbá mi wé àwọ̀n mọ́ ara títí ó fi dà bí apẹja tó mú ara rẹ̀. Èmi wà lábẹ́ agbọ̀n àgbọn. Aláàmù kan wà lára ògiri, ó ń wò wá, ó ń mirí. Òun nìkan ló múra nínú ilé náà.

Ìyá mi ní kí wọ́n rán mi sáré lọ yá aṣọ. Mo kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé kéwú wa ló ń ṣeré níwájú ilé, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí í rìn níhòòhò. Bàbá mi gbè mí lẹ́yìn: "Bí ó bá jáde báyìí, kí àlejò tó dé, gbogbo Ajah á ti gbọ́ pé wèrè ń bẹ nílé wa. Ta ló ń fẹ́ ọmọ nílé wèrè?" Omijé Sàlámọ̀ ń kán sórí ẹní, ìyá mi kò sì lè fi í sílẹ̀ kó nìkan sunkún, wọ́n sáà wà nínú ẹní kan náà.

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí iyanrìn.

"Àgò onílé o!"

Bàbá mi wé àwọ̀n rẹ̀ mọ́ra sí i.

"Àgò o!" Ohùn Bàbá Ràímì ni.

"Bàbá Sàlámọ̀, ẹ dá wọn lóhùn," ni ìyá mi sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn?"

"Ẹnu ni! Ẹ ò ní fi aṣọ dá wọn lóhùn."

Lóde, Bàbá Ràímì kanlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ilẹ̀kùn yìí náà tún nìyí. Ó ti sọ̀rọ̀. Múfútáù, gbé ẹrù rẹ, ká máa lọ." A gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn yí padà. Sàlámọ̀ dìde fùú, ẹní fà, ìyá mi tẹ̀ lé e tipátipá. Ohùn bàbá mi bá bú jáde, ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ dúró ńbẹ̀! Ta ló ní kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn ìdílé mi?"

Gbogbo wọn dúró. Bàbá Ràímì ní, "Ṣé ẹ wà nílé ni?"

"Níbo ni ẹ fẹ́ kí n wà? Nílé tiwa, ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ kì í rí ojú bàbá ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohùn ló ń gbọ́. Ọwọ́ ló ń rí. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún bàbá mi nìyẹn."

"A ò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

"Ṣé ẹ ti fẹ́ ọmọ nílé wa rí ni?"

Mo gbọ́ tí Bàbá Ràímì wúkọ́. Àgbà kì í fẹ́ kí a sọ pé òun kò mọ àṣà. "Hẹn-ẹn," ó ní, "èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ni."

Bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn níwọ̀nba, ó na ọwọ́ ọ̀tún síta, wọ́n sì kó obì lé e. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ọwọ́. Wọ́n ṣe àdúà fún ọwọ́. Bàbá Ràímì ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ, ṣé ó fẹ́ ọmọ àwọn? Sàlámọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tìfẹ́tìkọ̀, kí ó sì tó béèrè tán ni ọmọ ti ní, "Mo fẹ́ ẹ, sà!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín lóde. Wọ́n lọ tayọ̀tayọ̀.

Ṣùgbọ́n àwa ṣì wà nínú túbú wa. Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ẹnì kan kan fèrèsé ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi yọ ojú kan síta. Múfútáù ni, ó dúró nínú omi dé orúnkún, ó kẹ̀yìn sí ilé. Wọ́n ti bá ọkọ̀ wa nínú koríko lápá Láńgbàsà bí wọ́n ti ń padà, ó sì dá aṣọ Sàlámọ̀ mọ̀. Ó sọ fún àwọn àgbà pé òun gbàgbé nǹkan, ó dá nìkan padà. Ó ti fi omi ṣan aṣọ náà, ó ti fún un. Ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn gba ojú fèrèsé, ó ń kó o fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì wẹ̀yìn.

"Ẹ ṣeun o," ni bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ẹ máà dúpẹ́, bàbá. Àṣà yín mọ́ tónítóní." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wà lọ. Títí ó fi kú, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Ràímì ní tirẹ̀ kò dákẹ́. Ó ròyìn àṣà ilé wa káàkiri. Kò pẹ́ tí ilé kejì wa náà fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àna wọn, kí wọ́n má baà sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilé kẹta ṣe é. Ó di ti gbogbo àdúgbò.

Gbogbo nǹkan ti yí padà. A ti ta ẹ̀yìnkùlé náà, wọ́n ti kó iyanrìn di ọ̀sà ibẹ̀, ilé gíga kan tí mi ò mọ onílé rẹ̀ ló dúró síbi tí ọkọ̀ bàbá bàbá mi ti ṣí. Ọṣẹ oníyẹ̀fun ti di ohun tí ọmọdé ń rà ní ọ̀rá wẹ́wẹ́, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí tí wọ́n wá tọrọ ọmọ-ọmọ Sàlámọ̀ àti Múfútáù, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Lẹ́kkí, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan wá, wọ́n fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì ní kí n jókòó sẹ́yìn rẹ̀, èmi àgbà ilé. Sàlámọ̀ ní òun náà yóò jókòó tì mí. Obìnrin tó ń darí ètò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú gbohùngbohùn rẹ̀.

"Bàbá, kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí, kí n lè ṣàlàyé fún àwọn èèyàn?"

Gbogbo irọ́ tí mo mọ̀ sá wá sí ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó mú èyí tó dùn jù, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Ẹni tó lè gbé ojú rẹ̀ kúrò," ni Sàlámọ̀ wí, "òun là ń wá."