Etí Ishaq àti Ẹ̀ńjìnnì Ilé Búrẹ́dì

Ìyẹ̀fun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti pò ó, tí ìwúkàrà sì ti wọ inú rẹ̀, wíwú ni yóò máa wú, iná ì báà wà, ì báà má sí. Ní ilé búrẹ́dì Alhájà Tẹ́júọlá ní Agége, ìyẹ̀fun ti kún dé ẹnu ọpọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán kò lè yí, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ tó ń fún un níná ń wúkọ́ bí arúgbó tí ọyẹ́ mú. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà báyìí, jẹnẹrétọ̀ á gbọ̀n, á rú èéfín dúdú, á sì fẹ́ kú.

Ishaq ti kúnlẹ̀ tì í láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Àsùbáà tán. Òun ló ń tún un ṣe láti ọjọ́ tí Alhájà ti rà á. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, epo dúdú sì ti wọ èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ kò rí i ṣe mọ́. Ohun tí Alhájà kò mọ̀ nípa rẹ̀, tí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun kò sì mọ̀, ni pé Ishaq kò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà ló ti kọ́ṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n kó àwọn ẹ̀ńjìnnì ńláńlá ibẹ̀ sí, inú rẹ̀ ló sì ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, láìfi nǹkan kan dí etí. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ pé kó máa fi ẹnu sukurudiráfà gígùn kan ara ẹ̀ńjìnnì, kó wá fi èèkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, irin yóò sì máa ròyìn ohun tó ń lọ nínú lọ́hùn-ún fún un. Ishaq mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Nígbà kan rí, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dúró, tí yóò sọ ibi tí àrùn ẹ̀ńjìnnì wà kó tó tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ó ń ṣiṣẹ́ kiri fún ara rẹ̀. Ìgbà náà ni ìrẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í han nínú etí rẹ̀ ọ̀tún. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn han ní òsì. Ìrẹ̀ wọ̀nyí kò sùn, wọn kò sì sinmi, wọ́n sì ń bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ishaq kọ́ bí a ti ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá pè é láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn, wọn á ní ó ti ń gbéra ga. Ó sàn fún un kí wọ́n pè é ní agbéraga ju kí wọ́n pè é ní adití lọ, torí ta ni yóò gbé ẹ̀ńjìnnì fún adití? Síbẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dínkù. Ó tú ohun tí kò bàjẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Opebi, wọn kò sì pè é mọ́. Ilé búrẹ́dì yìí nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ni Fàúsát ìyàwó rẹ̀ ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó fi èèkù sukurudiráfà ti ẹ̀yìn etí, ìrẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ó gbé e sí etí kejì, ìrẹ̀ náà ni. Ó wá lo ọgbọ́n mìíràn. Sìlíńdà mẹ́ta ni ẹ̀ńjìnnì náà ní, páìpù kékeré kan ló sì ń gbé dísẹ̀lì lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì orí páìpù kan díẹ̀ nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìró rẹ̀ yóò yí padà. Èyí tí a bá tú tí ìró kò yí padà, òun ni kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ishaq tú ti àkọ́kọ́, ó tú ìkejì, ó tú ìkẹta, kò mọ ìyàtọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara irin, gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n pa pọ̀ bí ẹni ibà ń ṣe. Ó wá méfò. Ó mú ti àárín, ó tú ẹnu tí dísẹ̀lì ń gbà wọ inú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Wọ́n tan ẹ̀rọ, èéfín tún bo ilé. Ó tú òmíràn.

Alhájà ti wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ fún un pé àwọn tó ń kiri búrẹ́dì ti tò sí ẹnu géètì pẹ̀lú àtẹ wọn, àti pé bí wọ́n bá wọlé kírun Àìlà tí iná kò tíì dúró, Fọlábí, mẹkáníìkì ará Ìlúpéjú, lòun yóò pè, òun á sì kúkú gbé ẹ̀ńjìnnì náà lé e lọ́wọ́ pátápátá. Gbogbo rẹ̀ ni Ishaq rí lẹ́nu rẹ̀, kò gbọ́ ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i. Kò gbọ́ ìrun tí wọ́n pè níkẹyìn. Àwọn ọkùnrin tó ń fi bútà ṣan ẹsẹ̀ lódìkejì títì ló rí tó fi mọ̀ pé àkókò ti tó, ó sì yára gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì mìíràn.

Kò mọ̀ pé Alhájà wà lẹ́yìn òun. Alhájà pè é, ó tún pè é, ó pè é débi pé àwọn tó wà nídìí ọpọ́n yíjú wò wọ́n. Ishaq ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ. Alhájà wá fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó sì fò bí ẹni tí iná gbé.

"Ishaq, o ò gbọ́ mi ni, àbí o ò fẹ́ gbọ́ mi?"

Alhájà kò dúró gbọ́ èsì, ó yọ fóònù, ó kọ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Fọlábí sọ̀rọ̀.

Fàúsát fi ọ̀rá sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wá bẹ̀rẹ̀ ti ọkọ rẹ̀. Ó ní kó gbé sukurudiráfà náà fún òun. Ishaq mi orí, ó ní kó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà rí i. Fàúsát di ojú rẹ̀ mú kó lè rí ẹnu òun.

"Bàbá Màríàm, ẹ rò pé mi ò mọ̀? Ta ló ń pariwo sí yín láti ọjọ́ yìí, tí àwọn ará ilé ń rò pé a kì í yé jà? Ẹ gbé e wá."

Ó gbà á, ó sì fi èèkù rẹ̀ sí ẹ̀yìn etí bó ti máa ń rí i tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ishaq ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Fàúsát di ojú, ó gbé ọwọ́ kejì lé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń fi ìka lu ohun tó ń gbọ́ sí i lára. Ishaq dúró bí ère. Bó bá jẹ́ pé sìlíńdà kan ló kú, ojú kan náà ni ìlù náà yóò ti máa fò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Fàúsát sáré, ó dúró, ó tún sáré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Kò sí ìgbà méjì tó rí bákan náà.

Ishaq bi í pé kí ló jọ. Fàúsát rò ó díẹ̀.

"Ó jọ ìgbà tí èèyàn bá ń da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì. Gbọ́lọ́gbọ́lọ́, á há, gbọ́lọ́."

Kí nìdí tí kẹ́ẹ̀gì fi ń há bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé afẹ́fẹ́ ń wọlé bí omi ti ń jáde? Ishaq dìde, ó sì tọ rọ́bà tó ń fa dísẹ̀lì láti inú dúrọ́ọ̀mù wá, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù ló ti kan ibi tí òun fúnra rẹ̀ dì nígbà tó wá kẹ́yìn. Rọ́bà náà ti là níbẹ̀ nígbà náà, ó sì gé tíúbù táyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé e mọ́ ọn pinpin, bí gbogbo mẹkáníìkì Agége ti ń ṣe. Tíúbù kò bá dísẹ̀lì rẹ́. Ó ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Dísẹ̀lì kò jò síta tí ojú ì bá fi rí i, afẹ́fẹ́ ló ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Láti àárọ̀ ló ti ń tú ohun tí kò ṣẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń dà á láàmú.

Ó ní kí wọ́n pa á. Ó gé ibi tó là kúrò, ó fi kílíìpù irin dè é, ó sì ń fi ọwọ́ fa páǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ńjìnnì kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Dísẹ̀lì ń yọ fóòmù bí omi ọṣẹ. Ó fà á títí ó fi ń ṣàn geere láìyọ fóòmù mọ́. Nígbà tí wọ́n tún tan ẹ̀rọ, èéfín funfun díẹ̀ ló yọ. Ìka Fàúsát sì ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ déédéé, kò dúró, kò sáré.

Ìyẹ̀fun ọpọ́n méjì ti kan, Alhájà ní kí wọ́n dà á nù. Wọ́n ti ń ti ìyókù bọ ẹ̀rọ. Alhájà wá dúró síwájú Ishaq, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Ó ní òun ti rí ọwọ́ ènìyàn tí ẹ̀rọ gbé mì rí, níbi tí wọ́n ti ń kígbe kí wọ́n pa iná. Ó bi í pé bó bá jẹ́ Ishaq ló wà nídìí iná lọ́jọ́ náà ńkọ́. Fàúsát ní òun yóò máa dúró ti ọkọ òun.

"Ta ni yóò wá máa di búrẹ́dì?" Alhájà bi í. Ó tún yọ fóònù rẹ̀. "Ó dáa. Màá ní kí Fọlábí padà lónìí. Àmọ́ bí mo bá tún pè ọ́, Ishaq, tí ìwọ nìkan bá dá wá, má wọlé mi."

Fàúsát padà sídìí ọ̀rá. Ishaq kó irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu ilẹ̀kùn títí wọ́n fi gbé búrẹ́dì tó kẹ́yìn jáde. Ẹ̀ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun kò sì mọ̀ bóyá ó ń ṣe dáadáa. Ojú Fàúsát ló ń wò.